Àtòkọ Kì í Ṣe Òǹkà Lásán: Lámèyítọ́ Irinṣẹ́ Kọ̀ǹpútà Tó Ń To Àkọsílẹ̀ Ìbí fún Àwọn Awòràwọ̀

1. Ìfáárà

Ewì, ìtàn àròsọ àti eré-oníṣe ni àwọn onílámèyítọ́ sábà máa ń gbé yẹ̀ wò. Àtòkọ kì í sí lára wọn. Ìwé orúkọ ọmọ ilé-ìwé, ìwé orúkọ ọmọ ìjọ, àtòkọ ọjà inú ìsọ̀, iṣẹ́ akọ̀wé ni wọ́n ka gbogbo ìwọ̀nyí sí, iṣẹ́ tí kò nílò àlàyé. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá to nǹkan ti yan ohun tí yóò hàn àti ohun tí yóò fara sin. Ó ti pinnu ohun tí yóò ṣíwájú àti ohun tí yóò kẹ́yìn. Yíyàn àti títò ni ìpìlẹ̀ ìhun nínú gbogbo iṣẹ́ ọnà tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀. Nítorí náà, àtòkọ ní ohùn, bí ohùn náà tilẹ̀ kéré.

Àtòkọ kan ṣoṣo ni pépà yìí dá lé. Òun ni èyí tí ètò kọ̀ǹpútà àwọn awòràwọ̀ máa ń gbé jáde nígbà tí ẹni tó ń lò ó bá ní kí ó ka gbogbo àkọsílẹ̀ ìbí tó wà nípamọ́ lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Irinṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò wo ìràwọ̀, kò sì túmọ̀ ohunkóhun. Kò ju pé kí ó ṣí ibi tí àwọn fáìlì wà, kí ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì to orúkọ, ọjọ́, wákàtí àti ibi ìbí sójú ẹ̀rọ. Ohun tí pépà yìí fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé irú àtòkọ bẹ́ẹ̀, bó ti wọ́pọ̀ lónìí, máa ń sọ ìméfò di òótọ́, nítorí pé ó ń fi wákàtí ìbí hàn láìfi orísun wákàtí náà hàn. Àléébù kejì tọ èyí lẹ́yìn: ó ń kó àwọn tí kò sí níbẹ̀ síta láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀.

Ó yẹ kí ààlà iṣẹ́ náà hàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Pépà yìí kò jíròrò bóyá ìràwọ̀ ń darí ìgbé-ayé ẹ̀dá. Shawn Carlson tẹ àbájáde ìdánwò rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní ọdún 1985. Ó fi hàn pé àwọn awòràwọ̀ tó kópa kò lè so àwòrán ìbí mọ́ ìwà ẹni tó ni ín ju bí ẹni tó kàn ń méfò ti lè so ó lọ. Bí ó ti wù kí òǹkàwé rí àbájáde yẹn sí, ìbéèrè nípa àtòkọ wà síbẹ̀. Ẹni tó gba ìwòràwọ̀ gbọ́ àti ẹni tí kò gbà á gbọ́ ni ọ̀rọ̀ pé kí àkọsílẹ̀ jẹ́ olóòótọ́ jọ kàn.

2. Ohun tí wọ́n tò àti bí wọ́n ṣe tò ó

Awòràwọ̀ kò lè ya àwòrán ojú ọ̀run fún ẹnikẹ́ni láìmọ ohun mẹ́ta: ọjọ́ tí wọ́n bí i, wákàtí tí wọ́n bí i àti ibi tí wọ́n bí i sí. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wákàtí ló ṣòro jù lọ láti mọ̀, òun náà ló sì tètè ń yí àwòrán padà. Bí ayé ti ń yí po, ojú ọ̀run dà bí ẹni pé ó ń sún ní nǹkan bí dígírì kan láàrin ìṣẹ́jú 4. Àmì ìràwọ̀ 12 ló pín dígírì 360 láàrin ara wọn, dígírì 30 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí èyí, àmì tó ń yọ ní ìlà-oòrùn, èyí tí àwọn awòràwọ̀ gbé gẹ̀gẹ̀ nínú ìtumọ̀ wọn, máa ń yí padà lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 2. Àṣìṣe wákàtí kan kì í ṣe ohun kékeré níbi tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí.

Àpẹẹrẹ tó dára ni Astrolog, ètò ọ̀fẹ́ tí Walter D. Pullen kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1991. Fáìlì tí Astrolog fi ń tọ́jú ìbí ẹnì kan jẹ́ ọ̀rọ̀ gbẹrẹfu tí ojú lè kà. Ìlà kan gbé oṣù, ọjọ́, ọdún, wákàtí, bóyá wọ́n sún aago síwájú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, agbègbè aago, àti àwọn nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí ìlú náà wà lórí ilẹ̀ ayé. Ìlà mìíràn gbé orúkọ ẹni náà àti orúkọ ìlú. Ìwà ọmọlúàbí kan wà nínú irú fáìlì yìí: kò fi ohunkóhun pamọ́ sínú àmì tí ẹ̀rọ nìkan lè tú. Ẹni tí kò ní ètò náà pàápàá lè ṣí i kí ó sì ka ohun tó wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtò náà ti ń sọ ìtàn ibi tó ti wá. Oṣù ló ṣíwájú ọjọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń kọ ọ́. Wọ́n bí Barack Obama ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1961 ní ìlú Honolulu. Nínú ìtò yìí, nọ́ńbà ìbí rẹ̀ yóò jẹ́ 8, 4, 1961. Òǹkàwé tí wọ́n tọ́ sí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọjọ́ ní Nàìjíríà tàbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò ka èyí sí ọjọ́ 8 oṣù kẹrin. Ní ojú awòràwọ̀, oòrùn wà nínú àmì Kìnnìún ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì wà nínú àmì Àgbò ní ọjọ́ kejì. Àtòkọ tó bá kàn da àwọn nọ́ńbà náà sójú ẹ̀rọ bí ó ti bá wọn nínú fáìlì ti fi òǹkàwé rẹ̀ sílẹ̀ ní oríta. Èyí tó bá kọ orúkọ oṣù ní lẹ́tà ti yanjú ọ̀rọ̀ náà láìgba ààyè púpọ̀.

3. Wákàtí àti orísun rẹ̀

Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Bẹ́ẹ̀ ni wákàtí ìbí kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ti wá, bó ti wù kí ọ̀nà náà jìn tó. Ọ̀nà yìí kò rí bákan náà ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní ilẹ̀ Faransé, ìjọba máa ń kọ wákàtí sínú ìwé ìbí. Ní Scotland, wọ́n ti ń kọ ọ́ láti ọdún 1855. Ní England àti Wales, wọn kì í kọ ọ́ àfi bí ọmọ bá ju ẹyọ kan lọ. Awòràwọ̀ tó ń kó ìbí àwọn ará Edinburgh jọ lè fọwọ́ sọ àyà nípa wákàtí wọn. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń kó ti àwọn ará London jọ yóò gbára lé ìrántí ìyá tàbí ìwé tí ilé ìwòsàn fi pamọ́. Bí ìbí méjèèjì bá dé inú àtòkọ kan náà, ìlà wọn yóò rí bákan náà.

Ọ̀rọ̀ Obama tún wúlò níhìn-ín. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2011, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìwé ìbí rẹ̀ ní kíkún síta, agogo 7:24 ìrọ̀lẹ́ ló sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wákàtí ìbí. Kí ìwé-ẹ̀rí tó jáde, oríṣiríṣi wákàtí ni àwọn awòràwọ̀ ti lò fún un. Bí ènìyàn bá ní méjì irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ọ̀kan tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, èkejì tí ó rí nínú ìwé ìjọba, irinṣẹ́ tó ń to àkọsílẹ̀ yóò gbé méjèèjì jáde ní ìlà méjì tó tẹ̀ léra wọn. Orúkọ kan náà, ọjọ́ kan náà, ìlú kan náà. Wákàtí nìkan ló yàtọ̀, kò sì sí ohun tí yóò sọ èyí tó yẹ kí wọ́n gbà.

Lois Rodden, awòràwọ̀ ará Amẹ́ríkà tó kú ní ọdún 2003, ti rí ìṣòro yìí kí kọ̀ǹpútà tó wọ ilé gbogbo ènìyàn. Ó tẹ ìwé Profiles of Women jáde ní ọdún 1979, ó sì di ẹni tí wọ́n mọ̀ mọ́ àkójọ ìbí. Ìlànà rẹ̀ rọrùn: kí lẹ́tà kan tàbí méjì máa tẹ̀ lé wákàtí kọ̀ọ̀kan. AA túmọ̀ sí pé wákàtí náà ti inú ìwé ìbí wá. A jẹ́ ti ẹni náà fúnra rẹ̀ tàbí ẹbí rẹ̀. B ti inú ìwé ìtàn ìgbésí-ayé wá. C ń kìlọ̀ pé kí wọ́n ṣọ́ra. DD ń sọ pé orísun méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń ta ko ara wọn. X sì ń jẹ́wọ́ pé kò sí wákàtí rárá. Nínú àkójọ Astro-Databank, tó wà lọ́wọ́ Astrodienst ní Switzerland, àmì yìí wà lára àkọsílẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan títí di òní.

Ìlànà Rodden kò fi hàn pé ìwòràwọ̀ jẹ́ òótọ́, kò sì gbìyànjú láti fi í hàn. Ohun tó ṣe ni pé ó dá àkọsílẹ̀ padà sọ́dọ̀ baba rẹ̀. Nínú ìlà méjì tí Astrolog fi ń tọ́jú ọjọ́ àti orúkọ, kò sí ààyè pàtó fún irú àmì bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ orísun ní láti fi í há àárín orúkọ. Nígbà tí irinṣẹ́ bá wá ń tò ó, ohun tí kò sí nínú fáìlì kò lè sí lójú ẹ̀rọ.

Ibi tí àìsí orísun ti lè ṣi ènìyàn lọ́nà jù ni agogo 12 ọ̀sán. Nígbà tí ẹni tó ń kọ àkọsílẹ̀ kò bá mọ wákàtí, àṣà tó gbilẹ̀ ni pé kí ó lo ọ̀sán gangan. Ọgbọ́n wà nínú àṣà náà. Òṣùpá ń rìn tó nǹkan bí dígírì 13 lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá fi àárín ọjọ́ ṣe ìdíwọ̀n, àṣìṣe rẹ̀ kò ní ju nǹkan bí dígírì 7 lọ síwájú tàbí sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí wà ní orí ẹni tó kọ ọ́, kò sí nínú ìlà tí irinṣẹ́ gbé jáde. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, òun fúnra rẹ̀ lè ka 12:00 kí ó sì gbàgbé pé àìmọ̀ ni òun fi nọ́ńbà yẹn bò. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọ̀sán gangan lóòótọ́ àti ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ wákàtí rẹ̀ ti di ọ̀kan náà. Nínú lítíréṣọ̀, wọ́n lè pe èyí ní ìdákẹ́jẹ́ òǹkọ̀wé. Nínú àkọsílẹ̀ ìbí, irọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbèrò láti pa ni.

4. Orúkọ lójú ẹ̀rọ àti orúkọ nílé

Ohun tó kọ́kọ́ hàn nínú ìlà kọ̀ọ̀kan ni orúkọ, òun náà ni irinṣẹ́ sábà máa ń fi to àwọn ìlà. Fún òǹkàwé Yorùbá, ibí yìí ni ìyàtọ̀ ti hàn kedere, nítorí pé orúkọ Yorùbá fúnra rẹ̀ jẹ́ àkọsílẹ̀ ìbí. Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ àmútọ̀runwá bí Ìgè ń sọ pé ẹsẹ̀ ni ọmọ náà mú wáyé. Àjàyí ń sọ pé ó dojú bolẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Orúkọ bí Abíọ́dún àti Abíọ́nà ń sọ àkókò àti ibi tí wọ́n bí ọmọ sí. Orísun àti ọ̀rọ̀ kò pínyà nínú wọn: àwọn tó wà níbi ìbí ló sọ ọmọ lórúkọ, orúkọ sì ń jẹ́rìí ohun tí wọ́n rí. Nínú àtòkọ awòràwọ̀, orúkọ jẹ́ àmì ìdámọ̀ fáìlì lásán. Gbogbo ìtumọ̀ ti kó sínú nọ́ńbà.

Ìyàtọ̀ yìí jinlẹ̀ sí i nínú àkọsẹ̀jayé. Babaláwo tó ń ṣe àkọsẹ̀jayé kò béèrè iye agogo tí wọ́n bí ọmọ. Odù tó bá jáde, ọ̀kan nínú 256, ni yóò sọ ọ̀rọ̀, àwọn ẹbí sì wà níbẹ̀ nígbà tó jáde. Ẹnikẹ́ni kò lè jókòó ní ìlú òkèèrè kí ó tún odù náà ṣírò láti inú ọjọ́ àti wákàtí. Àwòrán ojú ọ̀run yàtọ̀ sí èyí: ẹni tó bá ní nọ́ńbà lè tún un yà nígbàkúùgbà àti níbikíbi. Agbára ìwòràwọ̀ oníkọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, àìlera rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀, nítorí pé nọ́ńbà lè rìn jìnnà sí àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Ọ̀ràn ìbejì mú ọ̀nà méjèèjì pàdé. Bí ìyá Yorùbá bá bí ọmọ kan ṣoṣo sí London, ìwé ìbí ọmọ náà kò ní gbé wákàtí. Bí ó bá bí ìbejì, wákàtí àwọn méjèèjì yóò wà níbẹ̀, kí ìjọba lè mọ èyí tó ṣíwájú. Àtòkọ tí wọ́n bá fi wákàtí tò yóò wá gbé Táíwò ṣáájú Kẹ́hìndé. Kò ṣìnà nípa ẹni tó kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n nínú ilé Yorùbá, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táíwò wá tọ́ ayé wò. Ìtò kan ṣoṣo, ìtumọ̀ méjì.

Ìtò orúkọ pẹ̀lú kò mọ́ lọ́wọ́ ojúsàájú. Irinṣẹ́ tó bá ń fi nọ́ńbà tí Unicode fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nìkan to orúkọ yóò gbé Ṣ, Ẹ àti Ọ oníkókó kan sẹ́yìn Z. Ṣadé, Ẹ̀bùn àti Ọlá yóò wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn Zainab, bí ẹni pé wọ́n kì í ṣe ara álífábẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá wá Ọlá ní ibi tí O wà, tí kò rí i, lè gbà pé àkọsílẹ̀ náà ti sọnù, kí ó sì tún un kọ. Báyìí ni ẹnì kan ṣe ń di méjì nínú àtòkọ. Ìtò tó ń tẹ̀ lé álífábẹ́ẹ̀tì èdè ẹni tó ń lò ó kò ṣòro fún ètò ìgbàlódé. Àìbìkítà ni kì í jẹ́ kí wọ́n ṣe é.

5. Ta ni àtòkọ náà ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀?

Ó rọrùn láti gbà pé àtòkọ yìí ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀. Bí òǹkàwé bá fara balẹ̀, yóò rí i pé ẹni tó kó o jọ ló ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ jù. Ọkọ tàbí aya, ọmọ, ọ̀gá ibi iṣẹ́, olólùfẹ́ àtijọ́, oníbàárà tó wá béèrè nípa àìsàn: gbogbo wọn wà lẹ́sẹẹsẹ. Bí irinṣẹ́ náà bá fi ọjọ́ tí wọ́n pa fáìlì mọ́ tò wọ́n, ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìtàn ohun tó ń ká ẹnì kan lára láti ọdún dé ọdún. Ẹni tó ni ẹ̀rọ lè má mọ̀ pé òun ti kọ ìtàn ara òun.

Àwọn olùgbèjà irú irinṣẹ́ yìí máa ń sọ pé orí ẹ̀rọ ẹni ni gbogbo rẹ̀ wà, kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó ń kó o lọ. Ọ̀rọ̀ náà ní ìwúwo. Ó sàn kí ọjọ́ ìbí wà nínú ilé ju kí ó wà lọ́wọ́ oníṣòwò. Òfin pàápàá fi ilé sílẹ̀ fún onílé: òfin ààbò ìwífún ti àjọ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2018, kò kan ohun tí ènìyàn ń ṣe fún ara rẹ̀ àti agbo ilé rẹ̀ nìkan, òfin Nàìjíríà ti ọdún 2023 náà fi irú ààyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí òfin bá ti dúró ni ojúṣe ẹni tó kọ ètò ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ìbí jẹ́ ohun tí báńkì fi ń dá oníbàárà mọ̀. Àtòkọ tó bá gbé gbogbo rẹ̀ síta lẹ́ẹ̀kan náà ń fi í han ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i báyìí, nígbà tí àwọn ètò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ onílàákàyè àtọwọ́dá ti lè pe irinṣẹ́ kéékèèké lórí ẹ̀rọ ènìyàn kí wọ́n sì gba èsì wọn. Bí ètò tó pe irinṣẹ́ náà bá ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tó wà ní ìlú òkèèrè, èsì yóò lọ bá a níbẹ̀. Fáìlì kò kúrò nílé, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ ti kúrò. Ẹni tó béèrè nípa ara rẹ̀ nìkan lè fi bẹ́ẹ̀ rán orúkọ, ọjọ́ àti wákàtí ogójì ènìyàn mìíràn lọ sí ibi tí wọn kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà "orí ẹ̀rọ ẹni" kò gbé ìtumọ̀ tó gbé tẹ́lẹ̀ mọ́.

6. Ìdájọ́

Lámèyítọ́ tó bá rí àléébù nìkan kò tíì ṣiṣẹ́ tán. Irinṣẹ́ yìí ní iyì tirẹ̀. Ó kọ̀ láti túmọ̀. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni jẹ́ oríire tàbí olóríburúkú. Ó ń jẹ́ kí ènìyàn rí ohun tó ti kó jọ, kí ó sì rí àkọsílẹ̀ tó wà ní ìlọ́po méjì. Láìsí àtòkọ, àṣìṣe yóò máa sùn nínú fáìlì láìsí ẹni tí yóò jí i.

Àwọn kan yóò sọ pé àtòkọ gbọ́dọ̀ kúrú, pé bí wọ́n bá kó orísun àti ìkìlọ̀ sínú rẹ̀, kò ní í jẹ́ àtòkọ mọ́. Èsì sí èyí wà nínú iṣẹ́ Rodden. Lẹ́tà méjì péré ló nílò. Wákàtí tí wọn kò mọ̀ lè jẹ́ àmì fífò dípò 12:00. Orúkọ nìkan lè kọ́kọ́ hàn, kí ọjọ́ àti wákàtí máa dúró títí ẹni tó ni ẹ̀rọ yóò fi béèrè fún ti ẹnì kan pàtó. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tó sọ ìlà di gígùn ju bó ti yẹ lọ.

7. Ìgúnlẹ̀

Pépà yìí ti fi hàn pé àtòkọ àkọsílẹ̀ ìbí kì í ṣe òǹkà lásán. Ìtò oṣù àti ọjọ́ ń sọ ibi tí ètò ti wá. Ìtò orúkọ ń sọ èdè tí ó kà sí èdè. Wákàtí tí kò ní orísun ń sọ ìméfò di ẹ̀rí. Fífi gbogbo ènìyàn hàn lẹ́ẹ̀kan náà ń kó aláìmọ̀kan síta. Ìlànà tí wọ́n fi lè tún un ṣe ti wà láti ìgbà Rodden, ó sì kéré débi pé kò sí àwáwí fún àìlò ó. Ẹni tó bá ń kọ irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó máa bi ìlà kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè tí àgbà ilé máa ń bi àlejò kí ó tó fún un ní ìjókòó: ta ni ó rán ọ wá?